Ṣé ìwọ̀sí ni wọ́n ní ká kọ́ lára Martin de Porres?

Àbúrò wa obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ kẹ́rà ní Ìlú Ọba ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò:

"Ẹ káàsán mà. Ilé Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, Àgùdà náà ni mo ṣì ń ṣe. Iṣẹ́ kẹ́rà ni mò ń ṣe níbí, àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀, mò ń pààrọ̀ páńpásì wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Bàbá òyìnbó kan wà nínú wọn, kò sí orúkọ tí kò tíì pè mí tán torí àwọ̀ mi. Ní November, Fáda wa wàásù nípa Ẹni Mímọ́ Martin de Porres, ó ní ká wo bó ṣe rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pè é ní ajá kò fèsì, ó tiẹ̀ ní kí wọ́n ta òun kí wọ́n fi owó ẹ̀ san gbèsè. Ṣe ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wo àwa aláwọ̀ dúdú bíi pé àwa ni wọ́n ń bá wí. Inú bí mi gan-an mà. Ṣé kí n máa gba ìwọ̀sí ni ẹ̀sìn wa ń sọ? Ère ẹ̀ tí màmá mi fún mi wà lójú fèrèsé mi, èyí tó mú ìgbálẹ̀ dání yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n jù ú sínú dúrọ́ọ̀."

Ọmọ mi, inú tó bí ẹ yẹn ò burú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo kọ́kọ́ gbọ́ "ẹ tà mí" yẹn lẹ́nu kátíkíìsì wa, mo rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí mo wá dàgbà tí mo lóye ohun tó jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú dúró sọ irú ẹ̀ nínú ìlú tí wọ́n ti ń ta aláwọ̀ dúdú lójú ọjà, ó dùn mí wọra. Torí náà mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o gbé e mì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìdajì ọkùnrin yẹn ni wọ́n sọ fún ẹ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí lóòótọ́, àmọ́ ààbọ̀ ìtàn ẹni mímọ́ máa ń ṣini lọ́nà.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún 31 kí n tó rẹ̀taya, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kátíkíìsì ní páríìṣì wa ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Martin yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi náà ni.

Lima ní ilẹ̀ Perú ni wọ́n bí i sí, 9 December 1579, ìgbà tí àwọn Spéìn ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìyá ẹ̀, Ana Velázquez, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti Panama wá ni, ó ti ṣẹrú rí kó tó dòmìnira. Bàbá ẹ̀, Juan de Porres, ọmọ bọ̀rọ̀kìnní ará Spéìn, kò fẹ́ ìyá níyàwó, nígbà tí ọmọ sì jáde tó dúdú bí ìyá ẹ̀, bàbá yọwọ́. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìrìbọmi ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì San Sebastián ni pé kò sẹ́ni tó mọ bàbá ọmọ yìí. Lẹ́nu tiwa níbí, ọmọ àlè ni wọn ì bá máa pè é. Bàbá náà padà gbà pé òun lòun ni ín, òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Juana, ó kó àwọn méjèèjì lọ sí Guayaquil fún ìgbà díẹ̀, wọ́n kọ́ ìwé níbẹ̀, àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ ìjọba gbé bàbá lọ sí Panama, Martin padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Lima.

Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún 12, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ bábà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o dúró sí, torí ibí yìí ni àwọn oníwàásù máa ń sáré kọjá. Má ro bábà òde òní tó ń fi klípà gé irun tó ń ta káàdì o. Bábà ayé ìgbà yẹn, onígbàjámọ̀ àti olóólà tiwa ni kó o fi wé. Ó ń fárí, ó ń gé irùngbọ̀n, ó sì ń tú ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, ó ń yọ eyín, ó ń la oówo, ó ń di egbò, ó ń po ewé àti gbòǹgbò igi pọ̀ fún ìwòsàn. Ẹni tó bá ṣubú lórí ẹṣin, ẹni tí wọ́n fọ̀bẹ gún lálẹ́ Sátidé, ilé bábà ni wọ́n ń gbé e lọ, torí owó dókítà ò sí lọ́wọ́ tálákà. Ọmọ yìí kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Kó tó wọ aṣọ àwọn Dominican, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Fáda àti arákùnrin ẹlẹ́sìn Àgùdà kan, ọwọ́ ẹ̀ ti jáfáfá, ó ti ní iṣẹ́ tó lè fi jẹun, ó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, ká pè é ní ọ̀gá. Kì í ṣe pé kò rọ́nà gbe gbà ló jẹ́ kó gbá ìgbálẹ̀ mú.

Ọmọ ọdún 15 ló lọ kanlẹ̀kùn àwọn Dominican ní ilé Rósárì Mímọ́ ní Lima. Òfin tí wọ́n ń lò ò gbà kí aláwọ̀ dúdú, tàbí mùlátò (ọmọ tí òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú jọ bí), tàbí ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Índíà, di ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún. Àgbàdo inú ìgò ni fún irú wọn. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí ni kó wọlé bíi donado, ìyẹn ẹni tó fi ara ẹ̀ jìn fún ilé náà láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n máa bọ́ ọ kí wọ́n máa wọṣọ fún un. Ó gbà. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ ilé ìgbẹ́, ó ń fárí fún àwọn Fáda, ó ń tọ́jú àwọn tó ń ṣàìsàn. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó jẹ́jẹ̀ẹ́ ní 1603, nígbà yẹn náà, arákùnrin inú ilé ni, kì í ṣe àlùfáà. Àwọn ilé ẹ̀sìn ló ń lo òfin yẹn o, àwọn tó ń ka máàsì láràárọ̀. Mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀ fún ẹ, kò sì yẹ kí Fáda tó bá fẹ́ wàásù Martin fún aláwọ̀ dúdú bò ó mọ́lẹ̀.

Ìwọ̀sí wá ńkọ́? Ó rí i dáadáa. Wọ́n pè é ní ajá mùlátò, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn tó ń tọ́jú fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ sí i, kò fèsì, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ó tún ṣe ohun tó wu ẹni yẹn láti jẹ. Òótọ́ nìyẹn, Fáda yín ò parọ́. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ méjì míì fún ẹ tí ò sọ.

Àkọ́kọ́. Bàbá alágbe kan, egbò bo gbogbo ara ẹ̀, bóyá ni aṣọ tó wà lára ẹ̀ fi tó nǹkan. Martin gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ gangan. Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé wá ní ìyẹn ti pọ̀ jù, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ti dọ̀tí. Ohun tí wọ́n ní ó fi dá a lóhùn ni pé àánú sàn ju ìmọ́tótó lọ, pé ọṣẹ díẹ̀ á fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì òun, àmọ́ bí òun bá le mọ́ ẹni tójú ń pọ́n, ká ní òun sunkún tó odò, omijé yẹn ò lè fọ àbàwọ́n ẹ̀ kúrò lọ́kàn òun. (Nọ́ọ̀sì ni mí, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwáwí pé òun ò fọwọ́. Ó ní òun á fọ aṣọ náà, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa.)

Ìkejì ni mo fẹ́ràn jù. Àìsàn tó ń ràn jà ní Lima, Martin sì ń kó àwọn tó ń kú lọ lójú títì wọlé. Ọ̀gá ilé náà ní kó máà kó wọn wá mọ́, ẹ̀rù ń bà á kí àìsàn má ran àwọn Fáda. Bó bá jẹ́ ìwọ tàbí èmi, ohun tó kù ni ká sọ pé ọ̀gá ti sọ̀rọ̀, kò sóhun tí mo lè ṣe. Martin ò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé àbúrò ẹ̀ Juana ló sọ di ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ló ń kó wọn lọ. Lọ́jọ́ kan ó wá bá ọkùnrin Índíà kan nílẹ̀, wọ́n ti gún un lọ́bẹ, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ilé Juana jìnnà. Ta ló máa gbé ẹni tẹ́jẹ̀ ń dà lára ẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn? Yàrá tiẹ̀ ló gbé e wọ̀, ó di ojú egbò yẹn pinpin kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Ọ̀gá gbọ́, ó pè é, ó bá a wí gidi pé ó rú òfin ìgbọ́ràn. Martin kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ẹ wo ohun tó wá sọ lórí ìkúnlẹ̀ o: ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ kọ́ òun, torí òun ò mọ̀ pé òfin ìgbọ́ràn ga ju òfin ìfẹ́ lọ.

Ká ní èmi ni ọ̀gá yẹn, mi ò mọ ibi tí mo máa kojú sí. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ojú ìrẹ̀lẹ̀, àmọ́ ó ti gbá a mú lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní látọjọ́ yẹn ọ̀gá jẹ́ kó máa ṣe àánú ẹ̀ bó ṣe rí i pé ó yẹ.

Ṣé o ti wá rí ohun tí mò ń sọ? Ọkùnrin kan náà ni wọ́n pè ní ajá tí ò fèsì, òun náà ló ń bá ọ̀gá ẹ̀ wí lórí ìkúnlẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ níyà. Tó bá jẹ́ ara tiẹ̀ ni, ó lè gbà á mọ́ra. Tó bá ti jẹ́ ara ẹlòmíì, kò gbà, kì bá à jẹ́ ọ̀gá àgbà ló pa á láṣẹ. Ìrẹ̀lẹ̀ ẹ̀, ara ẹ̀ ló fi ṣe. Kò fi ara ẹlòmíì ṣe é. Kò lọ bá àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ní oko àwọn Dominican ní Limatambo kó máa wàásù fún wọn pé kí wọ́n gba kádàrá, oògùn àti oúnjẹ ló ń gbé lọ fún wọn. Nítorí náà ẹni tó bá dìde dúró lórí pẹpẹ tó wá ń fi Martin sọ fún ẹlòmíì pé "ẹ gba ìwọ̀sí yín", ohun tí Martin ò ṣe rí ló ń ṣe.

Ìdí tí ìtàn ọkùnrin Índíà yẹn fi wọ̀ mí lára, mo máa sọ fún ẹ. Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gbé bàbá kan wá láti ojú títì lóru, mọ́tò gbá a, kò sẹ́bí lọ́dọ̀ ẹ̀, kò sówó lápò ẹ̀. Ọ̀gá wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì wà o, méjì, mo tẹ́ aṣọ sórí wọn fúnra mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé nítorí owó ni. Mo ní "yẹ́ẹ̀sì mà." Wọ́n gbé bàbá yẹn padà sínú pikọ́ọ̀pù tó gbé e wá, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan yọ síta nínú aṣọ tí wọ́n fi bò ó, kò ní bàtà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ó ti lé lógójì ọdún, mo ṣì lè ya ẹsẹ̀ yẹn fún ẹ. Nígbà yẹn mo ń pe ohun tí mo ṣe ní ìrẹ̀lẹ̀, mo ní ọmọdé ni mí, mi ò lè bá àgbà jiyàn. Ìbẹ̀rù ni jàre.

Ó dáa, "ẹ tà mí" wá ńkọ́. Gbèsè wọ ilé náà lọ́rùn, ọ̀gá ń kó àwọn nǹkan olówó iyebíye jáde lọ tà, Martin sáré tẹ̀ lé e, ó ní mùlátò lásán lòun, ilé yìí ló ni òun, kí wọ́n ta òun dípò. Ọ̀gá kọ̀, ó ní kó padà sílé. Kó o mọ̀ pé òmìnira ni wọ́n bí i sí, ìyá ẹ̀ kì í ṣe ẹrú mọ́ nígbà tó bí i, kò sẹ́ni tó lè tà á lábẹ́ òfin. Àwọn ilé ẹ̀sìn ní Lima ní ẹrú lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì jẹ́ àfiwé lásán fún ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Bó ṣe ń yé mi rèé, tèmi ni o, má sọ pé Ìjọ ló sọ ọ́: nínú ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọ iye tí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó lágbára ń lọ lọ́jà, ó mú ìdíyelé yẹn, ó gbé e síwájú ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ò sì lè wò ó lójú kó sọ pé òun tà á. Bóyá ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ kọ́ nìyẹn, bóyá ìfẹ́ ilé yẹn ló kàn pa á bí ọtí. Èmi ò kì í fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ láìjẹ́ pé wákàtí kan gbáko wà nílẹ̀ tí mo lè fi tú u palẹ̀. Láti sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ìwàásù, níwájú àwọn òyìnbó tó ń yíjú wo àwọn kẹ́rà tó wà lẹ́yìn, kò bójú mu. O lè lọ bá Fáda yín lẹ́yìn máàsì kó o sọ ọ́ fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ Fáda gidi, á dúpẹ́.

Ohun míì wà tí èmi ò ní fẹ́ kó o kọ́ lára ẹ̀. Ó ń na ara ẹ̀ lóru fún ìrònúpìwàdà, ààwẹ̀ ẹ̀ le, oorun ẹ̀ ò tó nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà ayé wọn nìyẹn, àwọn ẹni mímọ́ ìgbà náà ò dá ara wọn sí. Ìwọ ń ṣe ṣíftì wákàtí méjìlá, o tún ń gun bọ́ọ̀sì méjì délé, ọmọ ń dúró dè ẹ́. Sùn. Jẹun. Kẹ́rà tí oorun ń kùn, á gbé aláìsàn ṣubú ni. Martin ò sì gba owó oṣù, ìwọ ń gbà, ó yẹ kó o gbà á, kó pé, kó sì bọ́ sásìkò. Ẹni tó bá fi orúkọ ẹni mímọ́ bẹ̀ ẹ́ kó o ṣe ovataimu lọ́fẹ̀ẹ́, rẹ́rìn-ín músẹ́ kó o máa lọ.

Owó tiẹ̀ ni ibì kan tí wọn ì bá máa sọ tí wọn ò kì í sọ. Ọ̀gbẹ́ni yìí mọ owó ná. Àwọn olówó Lima, títí kan ajẹ́lẹ̀ ọba Spéìn, ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń gbé owó àánú wọn sí torí wọ́n mọ̀ pé á débi tó ń lọ. Àwọn tó kọ ìtàn ẹ̀ ní ó ń bọ́ bí èèyàn 160 lójúmọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn. O ti se oúnjẹ níbi ìsìnkú ẹbí rí, o mọ ohun tí èèyàn 160 ń jẹ, ìyẹn lójoojúmọ́, láìsí fíríìjì, láìsí gáàsì. Òun náà ló wà nídìí ilé àwọn ọmọ òrukàn tí wọ́n pè ní Santa Cruz, tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níwèé tí wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí, kì í ṣe ìránṣẹ́ tó kàn ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni sà" káàkiri.

Ìgbà kan tún wà tí Feliciano de la Vega, tí wọ́n ti yàn ṣe bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mexico, ṣàìsàn ní Lima tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ sú gbogbo dókítà. Martin ni wọ́n ránṣẹ́ pè, ara bàbá sì yá. Kò pẹ́ sígbà yẹn wọ́n bá Martin níbi tó ti ń fọ ilé ìgbẹ́, ẹnì kan ní ṣé kò ní dáa kó lọ máa gbé láàfin bíṣọ́ọ̀bù, ó sì fi Orin Dáfídì dá a lóhùn, èyí tó ní òun kúkú fẹ́ ṣe ẹni ẹ̀yìn nílé Ọlọ́run òun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tí wọ́n tì síbi ilé ìgbẹ́ àti ẹni tó rí ọ̀nà àbájáde tó ní òun ò lọ, ó tóbi o. Òun gan-an ló sì mú kí ìtàn ẹ̀ nira láti fi wé tiwa, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní ọ̀nà àbájáde yẹn.

Ti àwọn èkúté, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń jẹ aṣọ, tó ní kí ọ̀kan lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kí gbogbo wọn kó lọ sínú ọgbà, òun á máa gbé oúnjẹ bá wọn níbẹ̀. Àwọn ọmọ kátíkíìsì mi, ìyẹn nìkan ni wọ́n máa ń rántí.

Ó kú ní 3 November 1639, ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ 60. Ajẹ́lẹ̀ ọba fúnra ẹ̀, ìyẹn Count Chinchón, wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Ó di 1837 kí Pópù Gregory XVI tó kéde ẹ̀ ní alábùkún, ìyẹn ìpele tó ṣáájú ẹni mímọ́, ó di 6 May 1962 kí Pópù John XXIII tó kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́. Ọdún 323 lẹ́yìn ikú ẹ̀. Rose ará Lima, tí wọ́n jọ gbé ìlú kan náà, 1617 lòun kú, 1671 wọ́n ti kà á mọ́ wọn, ọdún 54 péré. Mo máa ń sọ èyí tìbínú-tìbínú tẹ́lẹ̀, pé àwọ̀ ni, kí ẹnì kan tó rán mi létí Juan Macías, ọ̀rẹ́ Martin, ará Spéìn pátápátá, tó ṣe adènà nílé Dominican míì ní Lima kan náà, tó kú ní 1645, tiẹ̀ di 1975. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rí i pé bóyá kì í ṣe àwọ̀ nìkan. Adènà àti onígbàálẹ̀, àwọn ni wọ́n ń fi sẹ́yìn.

Wàyí o, bàbá òyìnbó tó ń bú ẹ. Ohun àkọ́kọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín, déètì, àsìkò, àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, má ṣe é ní "ó ń sọ̀sọkúsọ". Sọ fún máníjà ẹ, kó o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti yẹ ọpọlọ bàbá náà wò, torí àìsàn ìgbàgbé máa ń mú kí arúgbó máa sọ ohun tí ò ní í sọ lójú ayé, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Méjèèjì, kọ ọ́ sílẹ̀. Ní kí wọ́n fi ẹlòmíì kún ẹ tàbí kí wọ́n máa pààrọ̀ yín. Kíkọ tó o kọ ọ́ ò sọ ẹ́ di agbéraga. Rántí ohun tí mo ní Martin kì í ṣe: kẹ́rà tó bá wọlé tẹ̀ lé ẹ, ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, òun ni bàbá yẹn máa kojú sí tó o bá dákẹ́. Torí tiẹ̀ náà, kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, tó bá jẹ́ pé ìwọ ló kàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mi ò sọ pé kó o fẹ́ràn ẹ̀. Fi ìgúnpá ẹ yẹ omi wò kó o tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ibi tó o bá ń fọ̀ nìkan ni kó o ṣí, fi tówẹ̀lì bo ìyókù, torí òtútù máa ń tètè mú arúgbó, ìtìjú náà máa ń mú wọn, ìtìjú yẹn ló ń di èébú lẹ́nu àwọn míì. Tó o bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, wo gìgísẹ̀ ẹ̀ àti egungun ìdí ẹ̀. Tó bá pọ́n, tẹ ìka ẹ mọ́ ọn kó o gbé e kúrò, tí pupa yẹn ò bá lọ, egbò orí bẹ́ẹ̀dì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò ló ń rí i. Iṣẹ́ bábà tí Martin kọ́ lọ́mọ ọdún 12, irú ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè jáde lẹ́nu bàbá yẹn tó lè gbà á kúrò níbẹ̀.

Ère yẹn, tó bá ń bí ẹ nínú, gbé e kúrò lójú fèrèsé, kò ní bínú. Má ṣáà jù ú sí dúrọ́ọ̀, màmá ẹ máa bi ẹ́ ní fídíò kọ́ọ̀lù. Tèmi wà ní kíṣìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo iyọ̀. Ọmọ ọmọ mi gbé e ṣubú lọ́dún kẹta sẹ́yìn, ìgbálẹ̀ já kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo gúlù tá a fi lẹ̀ ẹ́ ò mú, a wá jọ̀wọ́ ẹ̀. Ajá, ológbò àti èkúté ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì pé.